Bàtà rọ́gíbì tuntun ń bó mi ní gìgísẹ̀: báwo ni mo ṣe lè mú un rọ̀ kí ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó dé?

Ọmọ Òròkí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Òṣogbo níbí, mo sì wà lára àwọn tó máa ń gbá rọ́gíbì ní ìrọ̀lẹ́. Nọ́ńbà keje ni mo ń wọ̀, nítorí náà eré sísá pọ̀ nínú iṣẹ́ mi, mo sì tún gbọ́dọ̀ ti scrum, ìyẹn ìgbà tí àwọn tó wà níwájú nínú ẹgbẹ́ méjèèjì bá dì mọ́ra tí wọ́n ń ti ara wọn, láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní ìlú òyìnbó fi bàtà tuntun ránṣẹ́ sí mi. Awọ gidi ni wọ́n fi ṣe é, eyín abẹ́ rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ, irin sì ni wọ́n, irú èyí tí a lè tú kúrò kí a sì dá padà.

Inú mi dùn sí bàtà yìí púpọ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ìgbáradì ni ó ti ń bó mi ní gìgísẹ̀ méjèèjì, ó sì tún ń há mọ́ mi ní ẹ̀gbẹ́ ọmọ ìka tó kéré jù, pàápàá ní ẹsẹ̀ òsì. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù kí a lọ bá àwọn ojúgbà wa gbá ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ kan ní kí n rì í sínú omi gbígbóná, kí n sì wọ̀ ọ́ títí yóò fi gbẹ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí n sá a sí oòrùn. Ẹnì kan sì sọ pé kí n kàn fara dà á, pé bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n tẹ̀ lé?

Àgbà Iwájú

Àbúrò mi, má fara da nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wà ní ìlà iwájú scrum, níbi tí agbára ènìyàn mẹ́jọ ti ń dojú kọ ti ènìyàn mẹ́jọ mìíràn, tí ẹsẹ̀ sì ni ohun gbogbo ń dúró lé. Mo lè fi dá ọ lójú pé bàtà tó ń dun ni kì í tìtorí ìfaradà rọ̀. Ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́. Kí o tó wá oògùn kankan, mọ ibi tí ìrora náà ti ń wá, nítorí pé gìgísẹ̀ tó ń bó àti ọmọ ìka tó ń há kì í ṣe ọ̀ràn kan náà, ohun tí a ó sì fi wo ọ̀kan lè dá kún èkejì.

Ní ìrọ̀lẹ́ òní, lẹ́yìn tí o bá ti rìn káàkiri, tí ẹsẹ̀ rẹ sì ti wú díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ gbogbo wa ṣe máa ń wú kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ ìbọ̀sẹ̀ tí o fi ń gbá bọ́ọ̀lù gan-an, kí o sì wọ bàtà náà lé e. Dìde dúró. Fi àtàǹpàkò ọwọ́ tẹ imú bàtà. Bí àlàfo díẹ̀ bá wà níwájú ìka tó gùn jù, tó tó nǹkan bí ìdajì ìbú àtàǹpàkò, gígùn rẹ̀ bá ọ mu. Bí ìka bá ń kan imú bàtà, fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, nítorí pé awọ a máa fẹ̀ ní ìbú, ṣùgbọ́n kì í gùn sí i. Lẹ́yìn èyí, dìde lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ, kí o sì kíyè sí gìgísẹ̀: ṣé ó ń yọ gòkè nínú bàtà, àbí bàtà ń bá a gòkè? Dá wa lóhùn lórí méjèèjì kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Asáré Etí Pápá

Ẹ̀gbọ́n, mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ nípa ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí a tètè da omi gbígbóná nù. Èmi àti àwọn tí a jọ ń sáré ní etí pápá ti lò ó, bàtà náà sì bá ẹsẹ̀ wa mu kíákíá. Omi náà kò ní hó; yóò kàn gbóná dé ibi tí ọwọ́ lè gbà á. Ènìyàn á wọ bàtà, á ki ẹsẹ̀ bọ omi fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì máa rìn nínú ọgbà títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí kò fi yẹ, kí ó sọ ọ́ kí a lè mọ̀.

Aránbàtà Ọjà Ọba

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ bàtà ni mo ń ṣe, bàtà eré ìdárayá sì máa ń wá sí ọwọ́ mi lemọ́lemọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí nígbà tí mo bá tú wọn. Bàtà rọ́gíbì kì í ṣe awọ nìkan. Gọ́ọ̀mù ni ó mú awọ òkè mọ́ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, òwú ìránṣọ sì lè wà yí i ká tàbí kí ó má sí rárá. Nínú gìgísẹ̀ ni páálí líle kan wà láàárín awọ àti aṣọ inú, òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn bàtà wó. Nígbà tí ẹ bá ri gbogbo rẹ̀ bọ omi gbígbóná, awọ á rọ̀ lóòótọ́, ìdí nìyí tí ó fi ń dùn mọ́ àwọn tó ń lò ó. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù náà á rọ̀ pẹ̀lú, páálí gìgísẹ̀ á sì mu omi. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni ẹ ó rí i tí ẹnu bàtà là níwájú, níbi tí ìka ti ń tẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì rò pé bàtà náà kò dára láti ilẹ̀wá. Àwọn tí wọ́n ń gbé irú rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi kò kéré, ó sì máa ń dùn mí, torí owó púpọ̀ ni wọ́n ná lé e lórí.

Oòrùn burú ju omi lọ. Oòrùn ọ̀sán Òṣogbo, pàápàá lórí páànù tàbí nínú ọkọ̀ tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, á fa òróró inú awọ gbẹ. Awọ tí òróró rẹ̀ ti gbẹ kì í rọ̀ mọ́, á máa le, á máa sán ní ibi tó ń ká. Ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin fi ń gbẹ irun náà kò yàtọ̀ sí i.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Mo máa ń rẹ aṣọ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo á fún un gbẹ dáadáa, mo á sì fi lé ibi tó ń há nìkan, kì í ṣe gbogbo bàtà. Bí awọ bá ti rọ̀ díẹ̀, mo á ki ìdí ṣíbí onígi bọ inú rẹ̀, mo á sì máa fi ra ibẹ̀ láti inú, díẹ̀díẹ̀, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ní ti ẹnu ẹ̀yìn bàtà tó ń bó gìgísẹ̀, àtàǹpàkò ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi máa tẹ etí rẹ̀ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ẹ má ṣe tẹ ẹ̀yìn bàtà náà palẹ̀ kí ẹ sì wọ̀ ọ́ bíi sálúbàtà, nítorí pé páálí inú rẹ̀ á ṣẹ́, ojú ibi tó ṣẹ́ náà ni yóò sì máa gé yín lẹ́sẹ̀ títí ayé bàtà náà. Òrí dára fún awọ gidi bí ó bá jẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ fi pa á, kí ẹ sì nù ún kúrò lẹ́yìn náà; bí ó bá pọ̀ jù, á wọ ojú ìránṣọ, á sì máa tú gọ́ọ̀mù.

Gbogbo èyí jẹ́ ti awọ gidi o. Awọ kangaroo, ẹran Ọsirélíà nì, fẹ́lẹ́ ó sì lágbára, kì í pẹ́ bá ẹsẹ̀ mu. Awọ ọmọ màlúù nípọn jù ú lọ, ó sì ń fẹ́ sùúrù. Bàtà tí a fi awọ àtọwọ́dá ṣe kì í fẹ̀ púpọ̀, bí ó bá há ní ọjọ́ tí ẹ rà á, yóò ṣì há lọ́dún tó ń bọ̀.

Asáré Etí Pápá

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin aránbàtà. Èmi kò mọ̀ nípa páálí inú gìgísẹ̀ yẹn. Bàtà awọ àtọwọ́dá ni tèmi báyìí, nítorí náà mo gbà pé omi kò ní ṣe é láǹfààní kankan.

Ọmọ Òròkí

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ṣe ohun tí Àgbà Iwájú ní kí n ṣe. Àlàfo wà níwájú ìka mi dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dìde lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, gìgísẹ̀ mi ń yọ gòkè, mo sì rí ibi tí aṣọ inú bàtà ti ń ra awọ ara mi. Bí mo bá ń sáré, ṣe ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀.

Àgbà Iwájú

Ó dára bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, bàtà rẹ kò kéré, gìgísẹ̀ rẹ ni kò dúró sójú kan, ọ̀rọ̀ okùn sì ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ rírọ̀. Tú okùn náà títí dé ìsàlẹ̀. Ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè jókòó sí ẹ̀yìn bàtà pátápátá, kí o sì jẹ́ kí imú bàtà wà lókè nígbà tí o bá ń di okùn. Má fún un jù ní ìsàlẹ̀, níbi tí ọmọ ìka wà. Jẹ́ kí ó máa le sí i bí ó ti ń gòkè bọ̀ níbi ọrùn ẹsẹ̀.

Nígbà tí o bá dé ihò tó kẹ́yìn lókè, má ṣe sọdá. Fi orí okùn kọ̀ọ̀kan padà sínú ihò òkè tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, kí ó lè di òrùka kékeré ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mú okùn ọ̀tún kí o fi bọ inú òrùka òsì, mú ti òsì kí o fi bọ inú òrùka ọ̀tún, kí o wá fà á sísàlẹ̀ sí ọ̀nà gìgísẹ̀, kì í ṣe sókè. Ìgbà yẹn ni wàá rí i tí ẹnu bàtà á dì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, tí gìgísẹ̀ kò sì ní lè yọ mọ́. Bí bàtà rẹ kò bá ní ihò kan tó ṣẹ́ kù lókè fún iṣẹ́ yìí, aránbàtà lè lu ọ̀kan sí i. Kí o sì rí i dájú pé ahọ́n bàtà kò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí ahọ́n tó wọ́ a máa fún iṣan òkè ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àyẹ̀tórò

Ẹ kú àlàyé. Mo fẹ́ bá Ọmọ Òròkí sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí bàtà la ti ń tọ́jú láti àárọ̀, ẹsẹ̀ tó ti bó sì wà nílẹ̀.

Ìléròrò máa ń wáyé nígbà tí ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà bá ń fa awọ ara síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí ìpele òkè awọ náà sì ya kúrò lára ti ìsàlẹ̀, omi ara á wá kún àárín wọn. Ìbọ̀sẹ̀ tó tutù máa ń jẹ́ kí èyí yá kánkán, nítorí pé awọ tí òógùn ti rẹ a máa lẹ̀ mọ́ aṣọ. Nítorí náà, ẹ má wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú nìkan. Òwú a máa fa òógùn mu, kì í sì í jẹ́ kó lọ. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́ kan tí kì í mu omi sísàlẹ̀, kí ẹ sì fi ìbọ̀sẹ̀ gígùn ti rọ́gíbì lé e, kí ó lè jẹ́ pé ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì ni yóò máa ra ara wọn, tí ẹsẹ̀ yín á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lè fi faselíìnì díẹ̀ pa gìgísẹ̀ kí ẹ tó jáde.

Kí ìléròrò tó yọ, ibẹ̀ á kọ́kọ́ máa gbóná, á sì pọ́n. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni kí ẹ jáde kúrò lórí pápá kí ẹ sì lẹ pílásítà aláṣọ mọ́ ọn. Ẹ gé igun pílásítà náà kí ó yípo, nítorí igun tó mú a máa ká sókè. Ẹ tẹ́ ẹ kí ó dán, kí ó má ṣe ní ìṣẹ́po kankan.

Bí ó bá ti di ìléròrò, tó sì kéré, ẹ fi sílẹ̀ kí ó gbẹ fúnra rẹ̀. Bí ó bá tóbi tí ó ń dùn yín láti rìn, ẹ fọ ọwọ́ àti ibẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ fi abẹ́rẹ́ tí a ti fi sípírítì nù gún etí rẹ̀, kí omi náà jáde, ṣùgbọ́n ẹ má bó awọ òkè rẹ̀ kúrò; òun ni bándéèjì àkọ́kọ́ tí ara ṣe fún yín. Kí ẹ wá fi bándéèjì mímọ́ bò ó. Mo ń rí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n bó o kúrò pátápátá tí wọ́n sì padà sínú ẹrẹ̀, ó sì ń kó ìdààmú bá mi. Bí pípọ́n rẹ̀ bá ń tàn káàkiri, bí ó bá ń ṣọyún, tàbí bí ibà bá dé, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá ó tó àkókò láti gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ gún ìléròrò fúnra rẹ̀ rárá.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá Òkè-Fìà

Mo ti ka gbogbo èsì yìí, inú mi sì dùn sí i. Ọ̀rọ̀ ètò ni ó kù. Ọmọ Òròkí, bàtà tuntun kò gbọdọ̀ rí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kí ó tó rí ìgbáradì. Rọ́gíbì ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ 80 ìṣẹ́jú, 40 ní abala kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ tí kò tíì mọ bàtà rẹ̀ kò lè gbé e já.

Bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Tú eyín irin wọ̀nyẹn kúrò bí ó bá ṣeé ṣe láì ba ihò wọn jẹ́, tàbí kí o dúró lórí rọ́ọ̀gì tó nípọn, nítorí irin lórí táìsì a máa yọ̀. Wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, kí o máa fi ṣe iṣẹ́ ilé, kí o sì bọ́ ọ kí o wo ẹsẹ̀ rẹ. Lẹ́yìn èyí, rìn lórí koríko. Mo ní koríko o! Kì í ṣe ojú títì ọlọ́dà láti ilé dé pápá, nítorí pé orí títì, eyín nìkan ni ó ń kan ilẹ̀, gbogbo ìwúwo rẹ á sì máa gba ojú eyín kọ̀ọ̀kan padà sí àtẹ́lẹsẹ̀. Irin náà á tún jẹ, á sì mú bí ọ̀bẹ. Gbé bàtà náà sínú báàgì, kí o wọ̀ ọ́ ní etí pápá.

Nígbà ìgbáradì, mú bàtà tuntun àti ti àtijọ́ dání. Fi tuntun ṣe ìnara, sáré gbọọrọ díẹ̀, kí o sì pààrọ̀. Ìgbáradì tó tẹ̀ lé e, jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ sí i. Yíyí kánkán àti dídúró lójijì ni kí ó tẹ̀ lé eré gbọọrọ, scrum ni kí ó kẹ́yìn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìka ẹsẹ̀ ti ń gba agbára jù lọ.

Kí o sì wo ilẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìgbà ọyẹ́, ilẹ̀ Òṣogbo a máa le gbagidi, eyín irin gígùn kò sì lè wọlé. Bí o bá wọ̀ ọ́ nígbà náà, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ ni yóò sọ fún ọ. Bàtà tí eyín rẹ̀ kúrú, tó sì pọ̀, tí wọ́n ṣe mọ́ àtẹ́lẹ̀ bàtà ni ó yẹ fún irú ilẹ̀ yẹn. Àkókò òjò ni irin wúlò fún, nígbà tí pápá bá di ẹrẹ̀. Àwọn tó ń gbá ẹlẹ́ni méje kò bọ́ nínú èyí: ìṣẹ́jú méje-méje ni abala tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n lè gbá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́, nítorí náà kí wọ́n máa pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀ láàárín eré kan sí òmíràn.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Àwọn ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré yìí nílé ìwé girama, agbára mi kò sì ká bàtà tuntun méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rí bàtà tọ́kunbọ̀ tó dára lójú ní ọjà Ìgbọ̀nà. Ṣé kí n rà á ní ìwọ̀n tó tóbi díẹ̀, kí wọ́n lè dàgbà sínú rẹ̀?

Aránbàtà Ọjà Ọba

Ìyá wa, ẹ má ra èyí tó tóbi. Ẹsẹ̀ ọmọ á máa sáré kiri nínú rẹ̀, ìléròrò tí nọ́ọ̀sì wa ń sọ ni yóò sì tẹ̀ lé e. Tọ́kunbọ̀ kò burú rárá, awọ rẹ̀ ti rọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ni ó bá mu. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí aṣọ inú gìgísẹ̀ bá ti ya tí páálí sì yọjú, ẹ fi sílẹ̀. Bí àtẹ́lẹ̀ bá ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, ẹ fi òun náà sílẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ dání lọ sọ́jà ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ wọn.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá Òkè-Fìà

Mo fi kún un, Ìyá Ìbejì: ẹ wo abẹ́ imú bàtà náà. Àwọn bàtà tí wọ́n ṣe fún bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà àti besibọ́ọ̀lù máa ń wà nínú òkìtì tọ́kunbọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní eyín kan ṣoṣo ní ṣóńṣó iwájú. Òfin rọ́gíbì kò gba eyín kan ṣoṣo níbẹ̀, nítorí pé ó lè gé ẹni tó bá wà nílẹ̀ lójú.

Ọmọ Òròkí

Mo padà wá jábọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń di okùn bí Àgbà Iwájú ṣe júwe rẹ̀, gìgísẹ̀ mi kò yọ mọ́, ibi tó bó sì ti ń gbẹ lábẹ́ bándéèjì. Mo ti fi bàtà náà ṣe ìnara, mo sì ti fi sáré, kò sí ìrora kankan ní ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ní ẹsẹ̀ òsì, ọmọ ìka tó kéré jù ṣì ń há díẹ̀. Òjò ńlá sì pa wá ní pápá lánàá, bàtà náà rin gbingbin. Báwo ni kí n ṣe gbẹ ẹ́ láì gbé e sí oòrùn?

Aránbàtà Ọjà Ọba

Fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò pẹ̀lú omi tútù àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Yọ ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀ kí o sá òun lọ́tọ̀, tú okùn kí ẹnu rẹ̀ là, kí o sì ki ìwé ìròyìn tí o rún bọ̀ ọ́ dé imú. Gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, lábẹ́ òrùlé. Pààrọ̀ ìwé náà bí ó bá ti rẹ. Ní àsìkò òjò, láti oṣù Igbe dé Ọ̀wàrà, ó lè gbà ju òru kan lọ. Nígbà tí ó bá gbẹ tán ni kí o tó fi òrí fẹ́ẹ́rẹ́ pa á.

Ní ti òsì, gbé e wá sí ìsọ̀ mi pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ rẹ. Fi báírò fa ìlà sí ara ìbọ̀sẹ̀ níbi tó ń há gan-an kí o tó bọ́ ọ. Mo ní igi tí a gbẹ́ bí ẹsẹ̀ tí ó ní kókó ní ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ nìkan ni yóò tì jáde. Ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dọ́gba, kò sí ohun tó ṣe ọ́.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá Òkè-Fìà

Bí o bá ti gba bàtà lọ́wọ́ wọn, fi ọwọ́ pa gbogbo eyín mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kí o tó lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Adájọ́ eré tàbí olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ yóò wo abẹ́ bàtà kí eré tó bẹ̀rẹ̀; eyín kò gbọdọ̀ gùn ju mìlímítà 21 lọ, kò sì gbọdọ̀ ní etí tó mú. Èyí tó bá ti jẹ, tú u kí o fi òmíràn dípò rẹ̀, kí o sì fi sípánà kékeré tó bá bàtà wá sínú báàgì, nítorí pé eyín tuntun máa ń tú lẹ́yìn eré àkọ́kọ́, ó sì yẹ kí o tún un dì ní àárín abala méjèèjì.